Ìbéèrè Yín Lórí Ẹ̀rọ: Jọ́ìsítíìkì fún Eré Bàálù Orí Kọ̀ǹpútà

Láti ìgbà tí ojú ewé yìí ti mẹ́nu ba eré wíwa bàálù lórí kọ̀ǹpútà, lẹ́tà kò dáwọ́ dúró láti Ìlọrin títí dé Òmù-Àrán, ohun méjì péré ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì ń béèrè: irú jọ́ìsítíìkì, ìyẹn ọ̀pá tí a fi ń darí bàálù nínú eré, wo ni ó yẹ kí èèyàn rà, àti kí ni ó yẹ kí èèyàn ṣe nígbà tí èyí tó rà bá ń ṣe ségesège. Mo ti ṣa méje jọ nínú àwọn lẹ́tà náà. Kí n tó dáhùn èyíkéyìí, ó yẹ kí a jọ mọ fèrèsé kékeré kan tó wà nínú Windows, nítorí pé èmi kì í tú síkúrúù kankan lára jọ́ìsítíìkì tí wọ́n bá gbé wá bá mi láì kọ́kọ́ wo fèrèsé náà, ọ̀pọ̀ nínú èyí tí wọ́n sọ pé ó ti bàjẹ́ ni mo sì ti dá padà fún ẹni tó ni ín láì fọwọ́ kan inú rẹ̀.

Ẹ so jọ́ìsítíìkì mọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows àti R pa pọ̀ lórí kíbọ́ọ̀dù, ẹ kọ joy.cpl sínú àpótí tó bá yọjú, kí ẹ sì tẹ Enter. Orúkọ jọ́ìsítíìkì yóò hàn. Ẹ tẹ Properties lábẹ́ rẹ̀. Ẹ óò rí àpótí kan tí àmì ìròpọ̀ kékeré wà nínú rẹ̀, àwọn ìlà tí ń gùn tí ń kúrú, àti àwọn òbìrí pupa tí ń tàn bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì. Ohun tí fèrèsé yìí bá fi hàn ni ohun tí kọ̀ǹpútà ń gbọ́ gan-an láti ẹnu jọ́ìsítíìkì, kí eré kankan tó dá sí i. Ibẹ̀ kan náà, lábẹ́ Settings, ni Calibrate wà, èyí tí a fi ń kọ́ Windows ní ibi tí àárín ọ̀pá wà àti ibi tí ó dópin sí ní ọ̀tún àti ní òsì.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ló sọ pé awakọ̀ bàálù ni òun máa dà. Kíbọ́ọ̀dù ló fi ń ṣe eré náà lórí láptọ́ọ̀pù mi, ó sì ń bẹ̀ mí fún jọ́ìsítíìkì. Mo wọ Ìlọrin, mo dé ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ní agbègbè Challenge, páàdì tí àwọn ọmọ fi ń gbá bọ́ọ̀lù lórí tẹlifíṣọ̀n ni gbogbo wọn ń gbé fún mi. Èwo gan-an ni kí n rà tí owó mi kò fi ní ṣòfò? (Bàbá Awakọ̀, Ọ̀ffà)

Èsì: Bàbá, ẹ kú ìnáwó ọmọ. Àwọn ọlọ́jà yẹn kò fẹ́ rẹ́ yín jẹ. Ní ọjà wa, páàdì gan-an ni ọ̀pọ̀ ń pè ní jọ́ìsítíìkì. Bí ẹ bá padà lọ, ẹ sọ fún wọn pé èyí tó dúró lóòró bí ọ̀pá jíà ọkọ̀, tí a fi ń wa bàálù, ni ẹ ń wá, kí ẹ sì ti gbé àwòrán rẹ̀ sórí fóònù yín kí ẹ tó kúrò nílé. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ní kí ẹ fún àwọn láyè kí àwọn bá yín mú un wá láti Èkó. Ẹ dúró dè é; páàdì tí ẹ bá fi ìkánjú rà kò ní tẹ́ ọmọ náà lọ́rùn.

Awakọ̀ bàálù ń darí ohun mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń gbé imú bàálù sókè tàbí sílẹ̀, ó ń da apá rẹ̀ sí ọ̀tún tàbí sí òsì, ó ń fi rọ́dà, ìyẹn pátákó tó dúró lóòró nídìí bàálù, yí imú náà sí ẹ̀gbẹ́, ó sì ń fi tọ́rọ́tù fi kún agbára ẹ́ńjìnnì tàbí dín in kù. Kíbọ́ọ̀dù mọ títẹ̀ àti àìtẹ̀ nìkan, kò mọ díẹ̀díẹ̀, ìdí nìyí tí bàálù ọmọ yín fi ń fò bí tata nínú koríko. Páàdì mọ díẹ̀díẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n igi tí àtàǹpàkò ń tì lára rẹ̀ kúrú jù fún ẹni tó fẹ́ rọra tẹ bàálù lórí. Jọ́ìsítíìkì tí ẹ óò rà gbọ́dọ̀ lè darí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Rọ́dà ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé. Nínú bàálù gidi, ẹsẹ̀ ni a fi ń tẹ̀ ẹ́, ohun ìtẹ̀ ẹsẹ̀ tí wọ́n ń ṣe fún kọ̀ǹpútà sì wọ́n gan-an. Nítorí náà ẹ ra èyí tí orí ọ̀pá rẹ̀ ṣeé lọ́ sọ́tùn-ún sósì bí ìgbà tí a bá ń fún omi aṣọ, lílọ́ yẹn ni yóò ṣe iṣẹ́ ẹsẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí iye bọ́tìnnì tàn yín. Ohun tó ń pinnu bí jọ́ìsítíìkì yóò ṣe pẹ́ tó ni ohun tó wà nísàlẹ̀ ọ̀pá, tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà ibi tí ọ̀pá tẹ̀ sí, oríṣi méjì rẹ̀ ló sì wọ́pọ̀. Èkíní ni fọ́lúùmù, irú èyí tó wà nínú rédíò, tí irin kékeré kan ń ha ara ìlà èédú nínú rẹ̀, tí ìlà náà sì ń jẹ bí ọjọ́ ti ń lọ. Èkejì ń lo òòfà, ohunkóhun kò sì fara kan ohunkóhun nínú rẹ̀. Edwin Hall, ará Amẹ́ríkà, ló ṣàwárí ní 1879 pé bí iná bá ń kọjá nínú irin pẹlẹbẹ, tí a sì gbé òòfà sún mọ́ ọn, iná díẹ̀ yóò yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin náà, tí yóò máa pọ̀ sí i bí agbára òòfà náà bá ṣe ń pọ̀ sí i. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe irú jọ́ìsítíìkì bẹ́ẹ̀. Hall effect ni ẹ óò rí lára páálí.

Bí owó kò bá pọ̀, Logitech Extreme 3D Pro tó fún ọmọ tó ń bẹ̀rẹ̀: ó ní bọ́tìnnì 12, orí rẹ̀ ṣeé lọ́, tọ́rọ́tù kékeré sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá lè fi owó díẹ̀ lé e, Thrustmaster T.16000M ni èmi ì bá rà fún ọmọ tèmi, nítorí òòfà ló ń ka ìtẹ̀síwá-tẹ̀sẹ́yìn àti ìtẹ̀sọ́tùn-ún-tẹ̀sósì rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fọ́lúùmù ló ṣì wà níbi tí orí rẹ̀ ti ń lọ́. Ẹ ka ara páálí kí ẹ tó sanwó, kí ẹ rí i pé wọ́n kọ PC síbẹ̀. Àwọn kan, bí i T.Flight HOTAS 4, bá PS4 àti kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ohun ìyípadà kékeré kan wà lára rẹ̀ tí ẹni tí kò bá yí i sí PC yóò rò pé òkú ọjà ni òun rà.

Ẹ wo láptọ́ọ̀pù náà pẹ̀lú. Microsoft Flight Simulator ti 2020 ń béèrè, ó kéré tán, RAM 8 gígábáìtì àti àyè 150 gígábáìtì lórí dísíìkì, ẹ̀yin náà sì mọ ohun tí 150 gígábáìtì dátà yóò ṣe sí àpò bàbá. FlightGear, tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1997, ọ̀fẹ́ ni, ó fúyẹ́, ó sì ń gba jọ́ìsítíìkì dáadáa. Kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Ìbéèrè: Mo ra jọ́ìsítíìkì tòkunbọ̀ kan, ó sì ṣiṣẹ́ dáadáa fún bí oṣù méjì. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé ni imú bàálù mi ti ń ta sókè láìjẹ́ pé mo fọwọ́ kàn án, nígbà mìíràn tọ́rọ́tù yóò já wálẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tí mo bá fẹ́ balẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi tó ń tún fóònù ṣe ní òun máa fi epo bẹntiróòlù fọ inú rẹ̀. Ṣé kí n gbé e fún un? (Akẹ́kọ̀ọ́, Tanke, Ìlọrin)

Èsì: Ẹ má tíì gbé e fún un. Ẹ kọ́kọ́ ṣí fèrèsé tí mo sọ lókè, ẹ gbé ọwọ́ kúrò lára ọ̀pá pátápátá, kí ẹ sì tẹjú mọ́ àmì ìròpọ̀ náà fún ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá dúró jẹ́ẹ́ ní àárín, eré ni kí ẹ lọ bá wí. Ó lè jẹ́ pé páàdì kan tún wà lára kọ̀ǹpútà náà tí eré ti fún ní iṣẹ́ kan náà, tí àwọn méjèèjì ń du bàálù mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí àmì náà bá ń gbọ̀n, tí ó ń fò láti ibì kan sí ibòmíràn, tí ìlà tọ́rọ́tù sì ń já bí okùn, a ti mú olè.

Bóyá rédíò àtijọ́ kan wà ní ilé àwọn òbí yín. Bí a bá yí fọ́lúùmù rẹ̀, yóò ha kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, yóò dákẹ́, yóò sì tún pariwo lójijì. Bí a bá yí i lọ yí i bọ̀ ní ìgbà díẹ̀, yóò fara balẹ̀. Ohun tó ń ṣe rédíò náà ló ń ṣe jọ́ìsítíìkì yín. Inú fọ́lúùmù kò ju ìlà dúdú kan lọ, tó tẹ̀ bí òṣùpá tí kò tíì pé, pẹ̀lú irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń rìn lórí rẹ̀. Ibi tí irin náà bá dúró sí lórí ìlà ni kọ̀ǹpútà ń kà. Bí eruku ọyẹ́ bá wọ àárín àwọn méjèèjì, irin náà yóò gbéra kúrò lórí ìlà fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kọ̀ǹpútà yóò sì rò pé ẹ ti fa ọ̀pá dé òpin. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Ìlọrin kò ní kí n tún máa ṣàlàyé eruku oṣù kìíní fún yín.

Ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú èyí tí kò ná yín ní kọ́bọ̀: ẹ yí ọ̀pá ká dé gbogbo òpin rẹ̀ ní ogójì ìgbà, ẹ lọ́ orí rẹ̀, ẹ ti tọ́rọ́tù lọ kí ẹ sì fà á bọ̀, lẹ́yìn náà ẹ tún ṣe Calibrate. Bí kò bá yí padà, ẹ yọ ọ́ kúrò lára kọ̀ǹpútà, ẹ da ojú rẹ̀ délẹ̀, ẹ tú àwọn síkúrúù ìdí rẹ̀, kí ẹ má sì gbàgbé èyí tó sábà máa ń sá pamọ́ sábẹ́ rọ́bà ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò inú rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan wáyà kankan. Sípíríǹgì ńlá kan wà lábẹ́ ọ̀pá tó máa ń fò jáde. Tèmi wọ abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo tú irú rẹ̀, ìyàwó mi ló sì rí i nígbà tó ń gbálẹ̀ ní ọjọ́ kẹta. Ẹ ra agolo ohun ìfọ̀nù ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní contact cleaner, irú èyí tí kì í fi òróró sílẹ̀, ẹ fín díẹ̀ sí ihò ẹ̀gbẹ́ fọ́lúùmù, ẹ yí i lọ yí i bọ̀ ní ogún tàbí ọgbọ̀n ìgbà, kí ẹ sì jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa kí ẹ tó dì í padà.

Ní ti bẹntiróòlù, ó ń jẹ ike, ó ń fọ gíríìsì tí wọ́n fi sí i nílé iṣẹ́ dànù, iná sì wà nídìí rẹ̀. Mo tún fẹ́ mẹ́nu ba òrí, nítorí ẹnìkan gbé èyí tó ti fi òrí pa nínú wá bá mi. Ní ọ̀sán, ọ̀pá náà ń yọ̀ kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀. Ní òwúrọ̀ kùtù tí ọyẹ́ bá mú, òrí náà dì, ọ̀pá sì dúró sí ibi tí ẹ bá tì í sí bí ẹni tí inú ń bí. Gíríìsì sílíkóònù tí kò ju orí ìṣáná lọ ni ó tọ́ sí ibi tí ọ̀pá ti ń yí, kò gbọdọ̀ dé inú fọ́lúùmù.

Bí fífọ̀ kò bá ràn án, ìlà èédú náà ti jẹ tán, a ó sì pààrọ̀ fọ́lúùmù. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀, bí àpẹẹrẹ B10K, kí ẹ sì mú un lọ bá àwọn atún-rédíò-ṣe. Lẹ́tà B yẹn ṣe pàtàkì. Èyí tí wọ́n kọ A sí ni wọ́n sábà máa ń lò fún ohùn rédíò, kì í pọ̀ sí i lọ́gbọọgba; bí wọ́n bá fún yín ní A10K, bàálù yín kò ní fẹ́ yà rárá ní apá kan, yóò sì máa yà ju bó ṣe yẹ lọ ní apá kejì.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ sà. SS2 ni mo wà. Nígbàkígbà tí mo bá fẹ́ gbéra ní pápákọ̀ òfurufú Ìlọrin nínú eré, Cessna 172 mi, bàálù kékeré tó ní abẹ̀bẹ̀ níwájú, máa ń yà sí òsì, yóò sì wọ inú koríko. Ọlọ́jà ti pààrọ̀ jọ́ìsítíìkì fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀kẹta tí mo lọ, ó lé mi. Ṣé irú jọ́ìsítíìkì yìí ni kò dára ni? (Sàgbẹ́, Ìlọrin)

Èsì: Àbúrò mi, lọ bẹ ọlọ́jà yẹn. Jọ́ìsítíìkì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló dára, Cessna náà sì ń ṣe ohun tí Cessna gidi ń ṣe. Mo fẹ́ràn lẹ́tà tìrẹ ju gbogbo ìyókù lọ, nítorí pé ohun tí o rò pé ó jẹ́ àìsàn ni ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n ń kọ́ ẹni tó bá fẹ́ gbéra, yálà ní International Aviation College tó wà níbí ní Ìlọrin tàbí ní ilé ẹ̀kọ́ awakọ̀ òfurufú ti Zaria.

Bí o bá jókòó sí ìjókòó awakọ̀ Cessna, abẹ̀bẹ̀ iwájú rẹ̀ ń yí bí ọwọ́ aago ṣe ń yí. Ohun tó bá ń fi agbára yí sí ọ̀nà kan, ara tó gbé e dúró yóò fẹ́ yí sí ọ̀nà kejì. Nítorí náà, nígbà tí o bá ti tọ́rọ́tù dé òpin, ara bàálù ń fẹ́ dà sí òsì, táyà òsì sì ń tẹ ilẹ̀ ju ti ọ̀tún lọ. Afẹ́fẹ́ tí abẹ̀bẹ̀ ń tú sẹ́yìn kì í sì lọ tààrà: ó ń lọ́ yí ara bàálù ká bí okùn tó ń lọ́ mọ́ igi, títí yóò fi gbá rọ́dà láti apá òsì, tí yóò ti ìdí sí ọ̀tún, tí imú yóò sì yà sí òsì. Nígbà tí imú bá tún ti gbé sókè, apá abẹ̀bẹ̀ tó ń sọ̀kalẹ̀ ní ọ̀tún ń jẹ afẹ́fẹ́ ju apá tó ń gòkè ní òsì lọ, òun náà ń ti imú sí òsì. Agbára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ jù nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ké gidigidi tí bàálù kò sì tíì sáré, ìyẹn ni ibi gan-an tí o ti ń wọ inú koríko.

Má ti tọ́rọ́tù lẹ́ẹ̀kan náà. Ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin bí o ti ń tì í lọ, kí o sì máa lọ́ orí ọ̀pá sí ọ̀tún díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Bí eré bá ti ń pọ̀, rọ́dà yóò máa lágbára, kí o sì máa dín lílọ́ náà kù. Bí o bá ṣì ń ṣiyèméjì, wa A320, bàálù ńlá akérò ti Airbus, ní ojú ọ̀nà kan náà pẹ̀lú jọ́ìsítíìkì kan náà. Kò ní abẹ̀bẹ̀ níwájú, yóò sì lọ tààrà.

Ìjì náà wà níbẹ̀. Ojú ọ̀nà Ìlọrin ń jẹ́ 05 láti ìpẹ̀kun kan, 23 láti ìpẹ̀kun kejì: 05 túmọ̀ sí pé ìwọ̀n 50 lórí kọ́ńpáàsì ni o kọjú sí, 23 túmọ̀ sí 230. Bàálù tó wà lórí táyà máa ń fẹ́ kọjú sí ibi tí ìjì ti ń bọ̀, bí àkùkọ òkè ilé tó ń tọ́ka afẹ́fẹ́. Pa ìjì nínú eré náà fún ìgbà àkọ́kọ́, kí o lè mọ èyí tó jẹ́ ti abẹ̀bẹ̀ àti èyí tó jẹ́ ti afẹ́fẹ́. Ohun kan ṣoṣo ló lè mú kí n dá jọ́ìsítíìkì lẹ́bi: bí o bá gbé ọwọ́ kúrò, tí ìlà lílọ́ nínú fèrèsé joy.cpl kò sì dúró sí àárín.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi gbé jọ́ìsítíìkì kan bọ̀ láti Jámánì. Ẹnu wáyà rẹ̀ fẹ̀, irin kéékèèké mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wà nínú rẹ̀, kò sì wọ ibi kankan lára kọ̀ǹpútà mi. (Ìyá Ìbejì, Èrín-Ilé)

Èsì: Ìyá Ìbejì, irú èyí tí a ń lò kí USB tó gbòde ni. Windows ti ṣíwọ́ nínú bíbá irú ẹnu bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ láti ìgbà Vista. Ohun ìsopọ̀ kan wà tó ń sọ ọ́ di USB, ṣùgbọ́n kì í bá gbogbo rẹ̀ mu, fọ́lúùmù inú ọ̀pá tó ti dàgbà tó bẹ́ẹ̀ sì ti lè jẹ. Ẹ kí ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé e sórí ṣẹ́ẹ̀fù, ẹ wá òmíràn.

Ìbéèrè: Mo ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Ọmọ mi rán jọ́ìsítíìkì sí mi láti Kánádà kí ilé má baà sú mi. Kò sí ohun tó ń ṣe ọ̀pá náà, mo ti wò ó, ṣùgbọ́n n kò lè mú bàálù dúró ní ìwọ̀n gíga kan. Bí mo bá fà á díẹ̀, yóò fò sókè. Bí mo bá tì í díẹ̀, yóò rì. (Bàbá Tísà, Òmù-Àrán)

Èsì: Ẹ̀yin àgbà wa, ẹ kú oríire ìfẹ̀yìntì. Mo fẹ́ mọ bí ẹ ṣe dì í mú. Ọ̀pọ̀ àwa ọkùnrin ń gbá a mú bí ẹni tó di ìwo màálù. Ìka mẹ́ta tó. Ẹ gbé igbá ọwọ́ yín lé tábìlì tàbí lé itan, kí ìka nìkan máa ṣiṣẹ́. Sitiárìn inú Cessna gidi ń rìn jìnnà síwá sẹ́yìn. Ọ̀pá orí tábìlì kúrú, nítorí náà ìwọ̀n ìbú ìka kan lára tiyín tó ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ lára tiwọn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wọ inú ètò eré náà, níbi tí wọ́n kọ Sensitivity sí, ẹ óò rí ìlà kan tó lọ tààrà láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Ẹ tẹ̀ ẹ́ kí ó rọ̀ ní àárín kí ó sì le ní òpin méjèèjì, kí ìfà kékeré lè mú ìyípadà kékeré wá. Ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́ jù. Bí ó bá rọ̀ jù ní àárín, bàálù kò ní gbọ́, yóò sì wá gbọ́ lójijì nígbà tí ẹ bá ń balẹ̀, ibi tó burú jù láti gbọ́.

Èyí tí àwọn tó ń fi eré kọ́ ara wọn kì í mọ̀ ni trim. Nínú Cessna, kẹ̀kẹ́ kékeré kan wà tí awakọ̀ ń yí láti sọ fún bàálù pé, bí mo ṣe dì ọ́ mú yìí ni kí o máa lọ. Ẹ yan bọ́tìnnì méjì fún un lára jọ́ìsítíìkì. Ẹ fi ọ̀pá mú imú sí ibi tí ẹ fẹ́, ẹ dì í mú níbẹ̀, kí ẹ máa tẹ trim títí ọwọ́ yín kò fi ní mọ ẹrù mọ́, kí ẹ wá jọ̀wọ́ ọ̀pá. Ẹ óò lè mu tíì.

Ìbéèrè: Kọ̀ǹpútà ni mo ń tún ṣe. Oníbàárà mi kan ní láptọ́ọ̀pù àti jọ́ìsítíìkì, gbogbo ìgbà tí NEPA bá mú iná lọ ni jọ́ìsítíìkì ń kú láàárín eré, bẹ́ẹ̀ bátìrì láptọ́ọ̀pù kún. Nígbà mìíràn ó tún ń kú nígbà tí iná wà. Mo ti pààrọ̀ ihò USB, pàbó. (Atún-kọ̀ǹpútà-ṣe, Àjàṣẹ́-Ìpo)

Èsì: Ẹ ṣeun, ẹlẹgbẹ́ mi. Àìsàn méjì lẹ kó pọ̀. Èyí tó ń tẹ̀lé NEPA rọrùn: bí iná bá lọ, láptọ́ọ̀pù yóò bọ́ sí ètò ìṣọ́ná-lò ti bátìrì, ètò náà sì lè máa pa ihò USB tó bá rò pé kò ṣiṣẹ́. Nínú Power Options, ẹ wá USB selective suspend, kí ẹ pa á ní ìhà On battery àti ní ìhà Plugged in. Lẹ́yìn náà ẹ ṣí Device Manager, ẹ wọ USB Root Hub kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì yọ àmì kúrò níbi tí wọ́n ti fún kọ̀ǹpútà láyè láti pa á. Bí ó bá jẹ́ pé orí ẹ̀rọ ìpín-USB tí kò ní iná tirẹ̀ ló so ó mọ́, ẹ yọ ọ́: ihò USB 2.0 kan kò ní ju fólítì 5 àti mílíámpù 500 lọ láti fún gbogbo ohun tó bá wà lórí ẹ̀rọ náà, máòsì, fáànù kékeré, àti fóònù tó ń gba iná.

Èyí tó ń kú nígbà tí iná wà, wáyà ni mo fura sí. Ẹ ṣí joy.cpl, ẹ fi ọwọ́ kan rọra tẹ wáyà níbi ọrùn tó ti jáde lára ìdí ọ̀pá, ẹ sì máa wo ojú fèrèsé. Bí kò bá já, ẹ wá lọ́ orí ọ̀pá láti òpin dé òpin, kí ẹ máa tẹ bọ́tìnnì orí rẹ̀ bí ẹ ti ń lọ́ ọ. Wáyà àwọn bọ́tìnnì orí ń gba inú ọrùn ọ̀pá kọjá, lílọ́ ojoojúmọ́ sì ń ṣẹ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí a ti ń fi títẹ̀ lọ títẹ̀ bọ̀ ṣẹ́ wáyà tí a kò rí ọ̀bẹ gé. Bí òbìrí pupa kan bá ń kú ní ìhà kan tó sì ń jí ní ìhà kejì, ẹ ti rí i. Ẹ gé ibi tó ṣẹ́, ẹ fi òjé so wáyà tó rọ̀ tó sì gùn díẹ̀ sí i, kí ẹ ká àlékún gígùn náà ní òbìrí kan nínú ọrùn kí lílọ́ má baà fà á mọ́. Nígbà tí ẹ bá dì í tán, ẹ so ó padà mọ́ ihò USB tí ó wà tẹ́lẹ̀, nítorí Windows lè ka ihò mìíràn sí jọ́ìsítíìkì mìíràn, gbogbo bọ́tìnnì tí oníbàárà yín ti yàn yóò sì dàrú, ẹ̀yin ni yóò sì bú.

Ìbéèrè: Ọmọ mi obìnrin, ọlọ́wọ́ òsì ni. Ó fẹ́ jọ́ìsítíìkì, ṣùgbọ́n èyí tí a rí ń dun ọwọ́ rẹ̀, ìyá mi sì ń sọ pé kí ó kúkú fi ọwọ́ ọ̀tún ṣe é, pé ta ló ń fi ọwọ́ òsì wa ọkọ̀. (Ìyá Ọlọ́wọ́ Òsì, Gàá Àkànbí, Ìlọrin)

Èsì: Ẹ bá mi kí ìyá, kí ẹ sì fi ọ̀wọ̀ sọ fún wọn pé ọ̀gá awakọ̀ ló ń fi ọwọ́ òsì wà á. Apá òsì ni ọ̀gá ń jókòó sí nínú ilé ìwakọ̀. Nínú A320, tó kọ́kọ́ fò ní 1987, ọ̀pá kékeré kan ló wà ní ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ òsì rẹ̀ tí ó fi ń darí bàálù, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì wà lórí tọ́rọ́tù ní àárín. Nínú Cessna náà, ọwọ́ òsì ló wà lórí sitiárìn. Àwa tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún di jọ́ìsítíìkì mú ní ilé, àṣà bàálù ológun la ń tẹ̀lé.

Èyí tó ń dun ọwọ́ rẹ̀ ti jẹ́ èyí tí wọ́n gbẹ́ bá ọwọ́ ọ̀tún nìkan, bí Extreme 3D Pro. Ẹ wá T.16000M tí mo dárúkọ fún Bàbá Awakọ̀. Àwọn ègé kan lára ọ̀pá rẹ̀ ṣeé yọ kí a fi ti ọwọ́ òsì rọ́pò. Thrustmaster tún ń ṣe èyí tí wọ́n fi ọ̀pá Airbus ṣe àwòkọ́ṣe, TCA Sidestick, òun náà ṣeé lò ní ọwọ́ méjèèjì. Kí ọmọ gbé ọ̀pá sí òsì kíbọ́ọ̀dù, kí ó pe ìyá àgbà wá jókòó tì í, kí ó sì gbé A320 náà balẹ̀ ní Ìlọrin níṣojú wọn.